Nǹkan oṣù ń kógbá sílé, oríkèé ara ń pariwo

“Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹni ọdún 49 ni mí. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège: ó lè fo oṣù méjì, ó sì lè wá lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan. Ìyẹn ò dà mí láàmú tó bí oríkèé ara ṣe ń ro mí. Tí mo bá jí láàárọ̀, ìka ọwọ́ mi á ti gan, n ò ní lè fi ṣí ìdérí ìgò. Orúnkún mi méjèèjì ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, n ò lè na ọwọ́ òsì sẹ́yìn láti so ìkọ́ kọ́mú mi. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tí kò jáde mọ́ ló ń lọ kó sí oríkèé. Àwọn kan ní epo orúnkún mi ló ti gbẹ, kí n má rìn púpọ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní oògùn kóró kéékèèké kan. Kó tó di ọjọ́ kejì gbogbo ìrora ti lọ, ṣùgbọ́n bí oògùn ṣe tán ló padà dé. Ṣé kí n rà á sí i? Ṣé oògùn họ́mónù tí wọ́n ń sọ yẹn lè ràn mí lọ́wọ́? Àbí bí mo ṣe máa wà títí láé nìyí?”

Ẹ ṣeun mà, ẹ sì kú ìfaradà. Inú mi dùn pé ẹ ò kàn kọ “ara ń ro mí” kẹ́ ẹ sì dákẹ́, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe. Ẹ sọ ibi tó ń dùn, ẹ sọ ìgbà tó ń dùn, ẹ sọ ohun tí ìrora náà ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe mọ́. Ìdajì iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Bí mo ṣe kà á, ohun tó ń dẹ́rù bà yín ju ìrora fúnra rẹ̀ lọ ni pé bóyá ara ti kọṣẹ́, pé ọjọ́ ogbó já lù yín lójijì, kò sì ní padà sẹ́yìn mọ́. Màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti oògùn tí ọ̀rẹ́ yín fún yín, torí òun ló kán jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ.

Ẹ má rà á sí i. N ò rí oògùn náà, n ò sì lè búra pé ohun báyìí ni, ṣùgbọ́n oògùn tó bá gbá ìrora ìka, ti orúnkún àti ti èjìká lọ pátá kó tó di ọjọ́ kejì, sitẹ́rọ́ìdì ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ sí, bíi prednisolone tàbí dexamethasone. Oògùn gidi ni wọ́n. Èmi náà máa ń kọ wọ́n fún aláìsàn, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́, ìwọ̀n tó máa lò àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹni tó bá ń lò ó láìmọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa gòkè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa ru, ojú rẹ̀ á wú, awọ ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́, egungun rẹ̀ á sì máa di ẹlẹgẹ́ lábẹ́lẹ̀, ní àsìkò tó jẹ́ pé dídínkù họ́mónù nìkan ti tó ìyọnu fún egungun. Nígbà míì, ẹni tó ń tà á kì í kọ ọ́ sára páálí rárá. Ní 2022, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ léraléra nípa àfikún oúnjẹ kan tí wọ́n ń tà fún oríkèé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dexamethasone àti diclofenac, oògùn ìrora kan, ni wọ́n bá nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kọ ọ̀kankan nínú méjèèjì sí i lára. Ẹ ní tiyín ti tán. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mélòó kan péré lẹ fi lò ó, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ kàn má padà sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka èyí tó ti ń lo irú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má dá a dúró lójijì. Sitẹ́rọ́ìdì jọ họ́mónù kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Tó bá ti ń rí i gbà láti ìta fún ìgbà pípẹ́, á dẹwọ́, dídá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà sì lè dá èèyàn wó lulẹ̀. Dókítà ló yẹ kó bá onítọ̀hún dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ kó sí oríkèé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé àti àwọn tí kò kàwé. Ó jọ òótọ́ létí: ohun tó ń jáde lóṣooṣù kò jáde mọ́, oríkèé wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó yẹ kó ti ríbì kan gbà lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù kì í ṣe ìdọ̀tí tí ara ń kó pamọ́ de òpin oṣù. Họ́mónù ló ń mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn sí i lóṣooṣù nítorí oyún tó ṣeé ṣe kó dé. Tí oyún ò bá dé, awọ yẹn á ṣí kúrò, á sì bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Nígbà tí họ́mónù bá dínkù, awọ náà kì í nípọn mọ́, kò wá sí nǹkan kan tó há sínú tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Kò sì sí ojú ọ̀nà kankan láti ilé ọmọ dé orúnkún. Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé àwọn kan máa ń tìtorí èyí wá oògùn tí wọ́n ní á fọ ẹ̀jẹ̀ tàbí á dá nǹkan oṣù padà, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló sì ń jìyà ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ sọ pé ó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, òun gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún dókítà. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní àsìkò yìí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá wá ní àìtọ́jọ́ ló jẹ́ ti họ́mónù, ó sì yẹ kẹ́nì kan yẹ ilé ọmọ wò dípò ká máa méfò.

Ti epo orúnkún tó gbẹ ńkọ́? Lóòótọ́, omi yíyọ̀ kan wà nínú oríkèé. Ṣùgbọ́n kì í gbẹ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn. Kódà, orúnkún tó ń dùn sábà máa ń ní omi ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń wú. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni awọ dídán kan tó bo orí egungun méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Awọ yẹn kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Inú omi oríkèé ló ti ń rí oúnjẹ rẹ̀, ọ̀nà tó sì ń gbà rí i ni pé, tẹ́ ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á fún omi jáde, tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀, á fa omi tuntun mu, bí kànìnkànìn tí wọ́n ń fún tí wọ́n ń tú sílẹ̀. Ẹ wá ro ó wò: ẹni tí wọ́n ní kó jókòó kó má rìn mọ́, orúnkún rẹ̀ ò ní rí oúnjẹ tó. Iṣan itan tó yẹ kó máa gbé ẹrù kúrò lórí orúnkún náà á sì máa joro. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ mi, “má rìn mọ́” ni mo rí tó ń ṣèpalára jù, bẹ́ẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn wọn ló ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ọ̀hún.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Estrogen, họ́mónù tó ń wá láti ilé ẹyin obìnrin, iṣẹ́ rẹ̀ kọjá nǹkan oṣù àti oyún. Nínú egungun, nínú awọ tó bo orí egungun, nínú awọ tó yí oríkèé ká, nínú iṣan àti okùn tó so egungun mọ́ra, ibi tí estrogen ti ń ṣiṣẹ́ wà ní gbogbo wọn. Ó ń ran egungun àti iṣan lọ́wọ́ láti dúró dáadáa, ó sì ń pẹ̀tù sí àwọn nǹkan tó máa ń mú kí oríkèé gbóná kó sì wú. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni nǹkan oṣù wọn máa ń dáwọ́ dúró láàárín ọdún 45 sí 55, a sì máa ń sọ pé ó ti dáwọ́ dúró nígbà tí oṣù 12 bá ti kọjá láìrí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ni họ́mónù ti máa ń dàrú. Kì í rọra sọ̀kalẹ̀. Ó lè ga fíofío lọ́sẹ̀ yìí, kó já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibẹ̀ lẹ wà báyìí, ó sì wà lára ìdí tí ìrora fi lè le lónìí kó fúyẹ́ lọ́la láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohunkóhun.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní 1925, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Cecil àti Archer, ti kọ̀wé lórí irú làkúrègbé tí wọ́n ń rí lára àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, fún ìgbà pípẹ́, wọn ò kọbi ara sí i tó bó ṣe yẹ. Ooru tó ń ṣàdédé bo ara ló gba ojú gbogbo èèyàn. Ní 2024 ni Vonda Wright, dókítà oníṣẹ́ abẹ egungun, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kó ìrora oríkèé, iṣan tó ń joro àti egungun tó ń di ẹlẹgẹ́ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n kọ ọ́ pé ó ju 70 lọ nínú 100 obìnrin tó ń ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àsìkò yìí, àti pé nǹkan bí 25 nínú 100 ló máa ń le fún débi pé kì í jẹ́ kí wọ́n lè ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ní tèmi, ẹ̀rí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù pé estrogen mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń lo letrozole tàbí anastrozole, oògùn tó ń mú estrogen wálẹ̀ gidigidi. Bí ìdajì wọn ló máa ń sọ pé oríkèé ń dùn àwọn, ìka tó gan láàárọ̀ ni wọ́n sì máa ń mẹ́nu bà jù.

Síbẹ̀, n ò ní tan yín. Ọdún tí họ́mónù ń lọ yìí náà ni iṣan máa ń dínkù, ni ọ̀rá máa ń kó sí ìkùn, ni oorun máa ń fọ́ yángá nítorí òógùn òru. Ẹni tí kò sùn, gbogbo ibi tó bá ń dùn ún ló máa ń dùn jù bó ṣe yẹ lọ, ìrora náà kò sì ní jẹ́ kó sùn. Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìdá báyìí nínú ìrora yín jẹ́ ti họ́mónù, ìdá báyìí jẹ́ ti ọjọ́ orí. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ ọ́. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 45 tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, àyẹ̀wò họ́mónù kì í sábà wúlò rárá, torí òní á sọ tòní, ọ̀la á sọ tọ̀la. Ẹ fi owó yẹn ṣe nǹkan míì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ni pé ìrora mẹ́ta tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn lè má jẹ́ nǹkan kan náà. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé nǹkan oṣù ń lọ, wọ́n á di gbogbo àìsàn pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ sínú àpò kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti èjìká. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ lẹ ìgúnpá méjèèjì mọ́ ìhà, ẹ ká apá síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan, kẹ́ ẹ wá ya ọwọ́ méjèèjì síta láìjẹ́ kí ìgúnpá kúrò lára ìhà. Tí ọ̀tún bá yà dáadáa tí òsì dúró gbagidi, tẹ́nì kan bá sì rọra bá yín yà á tí kò tún lọ, èjìká tó gan ni mo máa pè é. Obìnrin tó wà láàárín ọdún 40 sí 60 ló ń ṣe jù. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn lé ìhà yẹn, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ìrora á fúyẹ́ ṣùgbọ́n apá á le, lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún kan sí mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì tí dókítà bá gún sínú èjìká ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìrora ṣì le, máa ń dín ìyà náà kù gan-an. Ìyàtọ̀ wà láàárín abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tó lọ sójú ibi tó ń dùn àti kóró tí kò lórúkọ tí ẹ̀ẹ́ máa gbé mì lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ti èjìká yìí pẹ́ nílẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni èjìká gígan fẹ́ràn jù, mo sì ti rí ẹni tó jẹ́ pé èjìká ló kọ́kọ́ fi àìsàn náà hàn lára rẹ̀.

Ti ìka ọwọ́, aago ni kẹ́ ẹ wò. Tí ìka bá gan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, tó sì ń tú bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó, ọkàn mi á lọ sí ti họ́mónù, tàbí sí awọ orí egungun tó ń jẹ, pàápàá tí kókó líle bá ń yọ nítòsí èékánná. Ṣùgbọ́n tó bá ń tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oríkèé tó wà nídìí ìka bá wú, tó rọ̀, tó gbóná, tó sì jẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìyẹn lè jẹ́ irú làkúrègbé tí ara ń bá ara rẹ̀ jà, ọjọ́ orí yìí náà ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára obìnrin. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àkókò tó máa ń ṣiṣẹ́ jù ni oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, kó tó ba oríkèé jẹ́. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì rọra fún ìdí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá pariwo, ẹ má dúró. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: ESR àti CRP, tó ń fi hàn bóyá ohun kan ń mú ara wú lábẹ́lẹ̀, àti rheumatoid factor àti anti-CCP, tó ń tọ́ka sí irú làkúrègbé yẹn. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè dára ní ìbẹ̀rẹ̀ kí àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ojú àti ọwọ́ dókítà ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ti orúnkún ni kò dẹ́rù bà mí púpọ̀. Orúnkún tó ń dùn nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, egungun kékeré tó bo iwájú orúnkún àti iṣan iwájú itan tó ti rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Tí wọ́n bá ya fọ́tò egungun tí wọ́n ní awọ rẹ̀ ti ń jẹ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn wó yín lulẹ̀. Mo ti rí fọ́tò tó burú lára ẹni tí kò ní ìrora, mo sì ti rí èyí tó mọ́ lóló lára ẹni tí kò lè dìde.

Àwọn nǹkan míì tó yẹ kí dókítà yín rò: ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn tí kò ṣiṣẹ́ tó, tó máa ń fa ara ríro, àárẹ̀ àti sísanra, fítámì D tó kéré jù, gáòtù (làkúrègbé tí èròjà kan tó ń jẹ́ uric acid máa ń fà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀), tó máa ń ṣọ̀wọ́n lára obìnrin kí nǹkan oṣù tó lọ, torí estrogen ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da uric acid nù, àti oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tó lè mú iṣan ro àwọn kan. Tí oríkèé kan ṣoṣo bá ṣàdédé wú, tó pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì wà níbẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹni tó bá sì ti lé ní 50 tí èjìká méjèèjì àti ìbàdí rẹ̀ ń gan láàárọ̀, tí ẹ̀fọ́rí tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kó má sun ún di ọjọ́ kejì, torí ojú lè fọ́.

Tí dókítà bá ti yẹ gbogbo ìwọ̀nyí wò tí kò rí nǹkan tó le, iṣẹ́ ti kù sọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ ọ̀hún ni kíkọ́ iṣan. Mo mọ̀ pé ẹni tí ara ń dùn kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ jókòó sórí àga tí kò kúrú jù, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé àyà, ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń jókòó padà, ẹ má ju ara sílẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìdí tó kan àga. Ibi tí ẹ̀ẹ́ ti máa gbọ̀n yẹn gan-an ni iṣan ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Nígbà tó bá ti rọrùn, ẹ di nǹkan tó wúwo mú, torí iṣan tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ sí i kò ní lágbára sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rìn tàbí ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì fi eré ìdárayá tó ń kọ́ iṣan kún un ní ó kéré tán ọjọ́ méjì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 150. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́wàá. Ìlànà tí mo ń fún àwọn aláìsàn mi ni pé ìrora díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é kò burú, ṣùgbọ́n tó bá ṣì ń le sí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti ṣe jù, ẹ dín in kù, ẹ má fi í sílẹ̀. Èrè rẹ̀ kò ní tètè hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ni kẹ́ ẹ fún un kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Tẹ́ ẹ bá sanra ju bó ṣe yẹ lọ, kílò kan péré tẹ́ ẹ bá dín kù, bíi kílò mẹ́rin ló máa kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí kò sanra, ẹ fò ó kọjá.

Kí iṣan tó gbérí, ẹ̀ẹ́ nílò ohun tó máa fara mọ́ yín lọ́jọ́ ìrora. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dára fún ìka láàárọ̀: ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa pa á dé, kẹ́ ẹ máa là á. Diclofenac tí wọ́n ń fi pa ara ni mo máa ń fẹ́ràn kí ẹni tí orúnkún tàbí ìka ń dùn kọ́kọ́ lò, torí ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń gbé mì lágbára jù ú lọ, àmọ́ wọ́n lè dá egbò sínú, wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára. Fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, fún ẹni tí kò ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ó yẹ. Lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ yín, kò yẹ. Paracetamol kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára fún oríkèé, ẹ má sì kọjá kóró 8 ti 500 mg lójúmọ́, kẹ́ ẹ ka èyí tó wà nínú oògùn òtútù mọ́ ọn. Glucosamine? Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lé e lórí ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé ní gbogbogbòò kò sàn ju oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ẹni tó bá ń lò ó tó sì ń gbádùn rẹ̀, n kì í bá a jà, ṣùgbọ́n n kì í kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti oògùn họ́mónù tẹ́ ẹ béèrè, ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó bí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ṣe ń sọ, kò sì jẹ́ òfo bí àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ṣe rò. Nínú ìwádìí Women’s Health Initiative ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn, lẹ́yìn ọdún kan, 76.3 nínú 100 àwọn tó ń lo estrogen ni oríkèé ṣì ń dùn, nígbà tó jẹ́ 79.2 nínú 100 nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin yẹn ló sì ti lé ní 60, a ò lè fi tiwọn wé ti ẹni ọdún 49 pátápátá. Ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé ẹni tó lò ó nítorí ooru ara àti àìsùn sábà máa ń padà wá sọ pé oríkèé náà fúyẹ́. Bóyá họ́mónù ló ṣe é, bóyá oorun tó padà ni, n ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, tí òógùn òru àti àìsùn bá ń bá yín jà pẹ̀lú ìrora, ó tọ́ kẹ́ ẹ bá dókítà sọ ọ́. Ẹ ṣì wà ní ọjọ́ orí tí èrè rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ, ìyẹn kéèyàn tó pé 60 tàbí láàárín ọdún mẹ́wàá tí nǹkan oṣù dáwọ́ dúró. Tó bá jẹ́ oríkèé nìkan, n kì í fi í ṣe oògùn àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tí wọn ò tíì mọ ìdí, kì í ṣe tirẹ̀ láti máa dá lò. Mo ti sọ pé kí wọ́n yẹ ti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀mejì lóṣù yẹn wò. Èyí tún jẹ́ ìdí kan sí i. Obìnrin tó ní ilé ọmọ gbọ́dọ̀ lo progesterone, họ́mónù obìnrin míì, mọ́ estrogen, torí estrogen nìkan lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Kí n sì sọ èyí tí wọn kì í sọ: ẹ ṣì lè lóyún. Oògùn họ́mónù yìí kì í ṣe oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan oṣù tó ń fo oṣù méjì kì í ṣe ààbò.

Ṣé títí láé ni? Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ìrora tó ń káàkiri ara máa ń rọlẹ̀ nígbà tí họ́mónù bá jókòó síbì kan, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró. Èjìká tó gan máa ń tú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ pátápátá. Awọ orí egungun tó ti jẹ kì í hù padà, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ lè dínkù débi tẹ́ ẹ ó fi gbàgbé rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. N ò lè ṣèlérí pé ẹ ó padà sí bẹ́ ẹ ṣe wà ní ọdún 35. Mo lè sọ pé àwọn tó ń kọ́ iṣan wọn ni mo ń rí tí ara wọn ń yá ju ti àwọn tó ń wá oògùn kiri lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdìde lórí àga lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tẹ́ ẹ máa rí dókítà. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fi ọjọ́ méje kọ iye ìṣẹ́jú tí ìka fi gan láàárọ̀, bẹ́ ẹ ṣe sùn, àti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò, títí kan ti ọ̀rẹ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kan èjìká àti ìka yín, kì í ṣe kí wọ́n kàn kọ oògùn. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ iṣan yìí fún ọ̀sẹ̀ méjìlá tí ohunkóhun ò yí padà, tàbí tí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárín ìgbà yẹn, ẹ padà lọ kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo oríkèé nìkan.